Wọ́n Ní Bàbá Lọ́yà Jó Ìwé

Obìnrin aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì ọ̀nà kò kí Káfíńtà kó tó na fóònù rẹ̀ sí i. Ó kàn yẹra fún àwọn pákó tó wà nílẹ̀, ó dúró tì í, ó ní, "Ẹ fi ojú ara yín wo nǹkan yìí, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. Ó nu lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó gba fóònù náà, ó sì nà án jìnnà sójú díẹ̀ bí àwọn tí ojú wọn ti ń dàgbà ṣe máa ń ṣe.

Ọmọ rẹ̀ ló rí. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé láti kékeré, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n máa rán an tí kò ní kọ́kọ́ béèrè ìdí rẹ̀, bí wọ́n bá sì sọ ìdí náà fún un, ó máa ń ní ìbéèrè mìíràn nílẹ̀. Ó jókòó sórí àga níwájú ògiri funfun kan, ó wọ ẹ̀wù búlúù tí wọ́n fún gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ síbi ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Inú Káfíńtà kọ́kọ́ dùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún aránṣọ pé kó wò ó bí ojú ọmọ òun ṣe ń dán. Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ.

"Bàbá mi ò fẹ́ kí n kàwé," ni Lọ́yà wí nínú fídíò náà, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. "Ó ní ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ. Nígbà tí ìdánwò mi ku ọ̀la, ó kó gbogbo ìwé mi síta, ó dáná sun wọ́n. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń jó."

Orin jẹ́jẹ́ kan ń lọ lábẹ́ ohùn rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí àwọn ènìyàn dákun, kí wọ́n ṣèrànwọ́ láti yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú òkùnkùn.

Káfíńtà ní kí aránṣọ tún un fi hàn òun. Nígbà tó tún parí, ó dá fóònù padà fún un, ó sì jókòó sórí pákó kan. Aránṣọ ní òun mọ̀ pé irọ́ ni, àràárọ̀ lòun ń rí Káfíńtà àti ọmọ rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó wà lórí fóònù kò mọ̀ ọ́n, fídíò náà sì ti dé ibi gbogbo.

Ohun tó dun Káfíńtà jù ni pé kò sí ohun tó fi yangàn láyé ju ọmọ yìí lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àgbàrá gbé afárá odò tó wà láàárín ìlú wọn àti ilé-ìwé girama lọ, Lọ́yà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbẹ̀ ni, ó ṣì kéré. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló ń wà kọjá odò ní gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn, báàgì ìwé rẹ̀ á wà lórí bàbá náà. Wọ́n ní wọ́n máa tún afárá náà kọ́. Ilé-iṣẹ́ kan wá, wọ́n ri irin mọ́lẹ̀, wọ́n gbé pátákó ńlá kan dúró tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn lára, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Irin náà ti dípẹtà. Pátákó náà ṣì wà níbẹ̀.

Ètò tí Lọ́yà lọ yìí wà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tó wà ní ìgbèríko nìkan. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wọ́n máa ń kó wọn lọ sí ìlú ńlá láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣíwájú: bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, bí wọ́n ṣe ń rí ìṣòro àdúgbò wọn kí wọ́n sì wá ojútùú sí i. Lọ́yà nìkan ni wọ́n mú ní ilé-ìwé tiwọn. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, Káfíńtà ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó lọ sọ fún gbogbo ẹni tó mọ̀, ó sì sọ fún àwọn tí kò mọ̀ náà.

Àwọn kan náà ló ń fi ojú burúkú wò ó báyìí. Ìyá ìyàwó kan tó ní kó bá òun kan bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ pé kó ṣì dúró ná. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù dákẹ́ nígbà tó ń kọjá lọ, bó sì ṣe kọjá tán, ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn pè é ní Ajówèé, tí àwọn yòókù sì fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ò yíjú padà. Ó rìn délé bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

Ìyàwó rẹ̀ ti rí fídíò náà. Ó ti ń di ẹrù.

"A ń lọ síbẹ̀," ló wí. "Ẹ má sọ fún mi pé ká fara balẹ̀. Mo ti fara balẹ̀ láti àárọ̀, ó ti sú mi."

Káfíńtà pe Lọ́yà lórí fóònù, kò wọlé. Ó rántí pé wọ́n ní àwọn máa gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí ọkàn wọn lè pa pọ̀ sójú kan. Ó bá pe pírínsípà ilé-ìwé girama, ẹni tó fi orúkọ Lọ́yà sílẹ̀ fún ètò náà. Pírínsípà ti mọ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó má gbé ọ̀rọ̀ náà karí, pé ìpolówó lásán ni, pé àwọn elétò náà ti ṣèlérí láti kọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì fún ilé-ìwé àwọn, àti pé ọjọ́ àṣekágbá ò jìnnà mọ́, wọ́n sì ti pe àwọn òbí tẹ́lẹ̀. Kó máa bọ̀ níbẹ̀, kó wọṣọ dáadáa, kó sì fi sùúrù bọ̀. Káfíńtà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó pa fóònù tán ló wá bi ara rẹ̀ pé kí lòun ń dúpẹ́ fún.

Ilé ńlá alájà mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà, wọ́n gé koríko iwájú rẹ̀ bí ẹni gé irun. Láti ẹnu géètì ni Ìyá Lọ́yà ti rí ojú ọmọ rẹ̀ lára aṣọ ńlá kan tí wọ́n ta sára ògiri, ojú náà tóbi ju ilẹ̀kùn ilé wọn lọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Láti inú eérú ìwé ni aṣíwájú ti dìde. Ìyá Lọ́yà kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì wo ọkọ rẹ̀. Káfíńtà ti kà á. Ó ń wo ọ̀nà mìíràn.

Wọ́n ní wọn ò lè rí ọmọ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́, àwọn ọmọ wà ní ìdánrawò. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n mú wọn lọ sọ́fíìsì Olùdarí. Pírínsípà ti jókòó síbẹ̀, ife kọfí wà níwájú rẹ̀.

Ẹni tí Káfíńtà ti ń fọkàn bá jà bọ̀ láti inú bọ́ọ̀sì kọ́ ló bá níbẹ̀. Obìnrin tó mọ èèyàn kí ni Olùdarí. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó pè wọ́n ní Bàbá wa àti Ìyá wa, ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ó sì yin Lọ́yà títí tí Ìyá Lọ́yà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Káfíńtà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá béèrè ẹni tó jó ìwé.

Olùdarí ní kò sẹ́ni tó jó ìwé. Ó ní ìtàn ni. Ó ṣàlàyé pé àwọn tó ń fowó ran irú iṣẹ́ báyìí lọ́wọ́ kì í ran ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́wọ́; wọ́n ní láti rí ohun tó máa mú ọkàn wọn rọ̀. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú fídíò náà, wọn kò sì fi ojú bàbá kankan hàn.

"Ọmọ mi ló ní 'bàbá mi'," ni Káfíńtà wí. "Bàbá mélòó ló ní?"

Pírínsípà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó lè mú ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́. Kò sẹ́lòmíràn tó rẹ́rìn-ín.

Olùdarí ní ó yé òun, ọ̀rọ̀ náà sì dun òun. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ronú lórí bí àwọn ṣe máa tún un ṣe. Lọ́la, níwájú gbogbo àlejò, Lọ́yà ló máa gba ẹ̀bùn tó ga jù: wọ́n máa gbé e lọ sí ilé-ìwé tó dára jù lọ nílùú ńlá yìí, wọ́n máa sanwó rẹ̀ títí tó máa fi jáde ní yunifásítì. Bàbá á jókòó sí iwájú gan-an. Bí ọmọ bá ti sọ̀rọ̀ tán, Bàbá á gun orí pèpéle, á dì mọ́ ọn, á sì sọ gbólóhùn kan péré sínú máíkì.

"Gbólóhùn wo?" ni Ìyá Lọ́yà béèrè.

"Pé òun ti ronú pìwà dà," ni Olùdarí wí. "Pé kí ọmọ òun dárí ji òun. Ẹ ò ní mọ bó ṣe máa wọ àwọn ènìyàn lára tó, Ìyá. Ẹni tó bá ń bú Bàbá lórí fóònù báyìí, ńṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yìn wọ́n."

Káfíńtà wo obìnrin náà. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá ni wọ́n kọ́kọ́ kó lé e lórí, wọ́n wá fẹ́ kó wọ agbádá wá tọrọ àforíjì rẹ̀, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ariwo ló máa jáde, wọ́n á sì ní àbí ẹ ò rí i, bàbá tó ń jó ìwé náà nìyẹn lóòótọ́.

Pírínsípà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí Káfíńtà ro ti ọmọ, kó ro ti yàrá sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ọmọ ìlú máa jàǹfààní rẹ̀. Gbólóhùn kan ni. Ta ni gbólóhùn kan ti pa rí?

"Mo fẹ́ rí ọmọ mi," ni Káfíńtà wí.

Abẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé ibùsùn ni wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n rí i. Lọ́yà dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nígbà tó rí bàbá rẹ̀. Bí òun àti bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣeré nìyẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò tètè dìde. Ìyá rẹ̀ ló fà á sókè.

"Bàbá mi, èmi ni mo kà á," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹnu mi ló ti jáde."

Ó wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó ń fa àdúgbò rẹ̀ sẹ́yìn jù. Òun sọ̀rọ̀ afárá. Ó sọ ọ́ dáadáa, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde pàtẹ́wọ́, oníkámẹ́rà sì yà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́jọ́ kejì, Olùdarí pè é, ó ní ọ̀rọ̀ afárá kò bá ètò mu. Ó gbé ìwé kan fún un pé kó kà á níwájú kámẹ́rà, kó ṣe bí ẹni pé òun ni ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ìdánrawò ni, pé aṣíwájú ní láti lè bọ́ sínú bàtà ẹlòmíràn. Lọ́yà béèrè ẹni tó ni ìtàn náà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ni ín. Wọ́n ní kó tún un kà nítorí kò sunkún tó, ó sì tún un kà. Àná ni wọ́n fi hàn lójú ògiri ńlá níwájú àwọn àlejò kan, ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé wọ́n ń pè é ní ìtàn òun gan-an.

"Mo lọ bá wọn, mo ní bàbá mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní aṣíwájú gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ǹda ohun kan nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n yọ̀ǹda."

Ìyá rẹ̀ béèrè kí ló dé tí ọ̀rọ̀ afárá kò fi bá ètò mu.

"Orúkọ tó wà lára pátákó ẹ̀bá odò wa, Ìyá mi, orúkọ yẹn náà ló wà lára ilé yìí. Àwọn ló ni ètò yìí. Ọ̀gá wọn ló máa ṣe Alága níbi ayẹyẹ ọ̀la."

Káfíńtà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kó tó débẹ̀, ohun tó ti ń bẹ̀rù jù ni pé kí ọmọ náà lọ ní ohun kan sí òun nínú tí òun kò mọ̀. Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ara rẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ ìbínú tuntun ló dìde nínú rẹ̀, ìbínú tó tutù tó sì le. Àwọn tó fi odò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti máa wọ́ kọjá, àwọn náà ló tún wá ń ta ìtàn bàbá tó ń dí ọmọ lọ́wọ́.

Ó wá sọ̀rọ̀. "Èmi ò ní gun orí pèpéle wọn. Ìyẹn ti parí. Ṣùgbọ́n ìwọ, ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọ kì í ṣe kékeré. Bí o bá fẹ́ gbà á, gbà á, kí o dákẹ́, kí o lọ kàwé rẹ. Mi ò ní bínú sí ọ láéláé."

"Òun ò ní bínú," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ò tíì sọ tèmi."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kí òun ṣe. Ìyá rẹ̀ bá a tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní kó lọ jẹun, ojú rẹ̀ ti wọnú.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe àṣekágbá kún ní ọjọ́ kejì. Alága jókòó láàárín ní iwájú, ọkùnrin tó sanra, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún Káfíńtà, wọ́n lẹ bébà tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ mọ́ ọn. Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ó ń rí i bí Olùdarí ṣe ń fi ojú wá òun láti ìhín dé ọ̀hún, bí pírínsípà náà ṣe ń na ọrùn.

Obìnrin kan wá jókòó tì wọ́n, ó ga, apá rẹ̀ le. Ó ní katakata lòun ń wà lóko, òun ò sì jókòó sórí àga tó rọ̀ báyìí rí láyé òun, oorun ló ń kun òun. Ọmọ òun ọkùnrin wà lára àwọn tó máa sọ̀rọ̀. Ó wá láìsọ fún un, kó lè yà á lẹ́nu.

Wọ́n pe ọmọ náà. Kó tó dé orí pèpéle, atọ́kùn ètò ti gba máíkì, ó ní kí àwọn àlejò fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ọmọ yìí, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ àbúrò rẹ̀ nítorí àìsí ilé ìwòsàn, tó sì ti ń tọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà náà.

Oníkatakata tẹ etí sílẹ̀. Ó yíjú sí Ìyá Lọ́yà. "Ìyá ta ni wọ́n ní ó kú?"

Ọmọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ, ohùn rẹ̀ kò sókè. Láàárín gbólóhùn kan, ojú rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó rí ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rò pé ẹkún ló gbà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gidigidi, obìnrin kan nu ojú. Oníkatakata jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò mira.

Lọ́yà ló kàn. Ó gba máíkì, ó kí àwọn àgbà bó ṣe yẹ, ó kí Alága. Ó wá ní wọ́n ní kí òun sọ bí bàbá òun ṣe jó ìwé òun.

"Kò jó o," ló wí. "Bàbá mi ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kọjá odò lọ sílé-ìwé, nítorí a ò ní afárá. Wọ́n ti gbaṣẹ́ afárá náà, wọn ò ṣe é. Àwọn tó gbaṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n, wọ́n wà níbí."

Wọ́n pa máíkì. Ó wò ó, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìsí i. Ó sọ bí omi ṣe máa ń ga dé àyà lóṣù òjò, bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń pa ilé-ìwé jẹ títí òjò á fi dá, bí àwọn irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ṣe ti fa ẹsẹ̀ ju ẹnì kan lọ ya. Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn náà ti dákẹ́ débi tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Alága ń wo fóònù rẹ̀. Atọ́kùn ètò wá di Lọ́yà lápá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì mú un sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

Ọmọ mìíràn ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn tó ga jù.

Pírínsípà bá wọn níta, lábẹ́ oòrùn. Ó ní wọ́n ti ba ilé-ìwé jẹ́, wọ́n ti ba ọmọ jẹ́, yàrá sáyẹ́ǹsì ti lọ. Ó ní nítorí ìgbéraga ènìyàn kan ṣoṣo. Ó sọ púpọ̀, Káfíńtà sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ọ̀gá," ló wá wí, "ẹ̀yin náà máa ń bọ́ bàtà, ẹ máa ń ká ṣòkòtò yín sókè nínú odò yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín. Mo ti dì yín lọ́wọ́ mú kọjá rí. Ìgbéraga ta ni?"

Pírínsípà yíjú, ó sì wọlé padà lọ bá àwọn àlejò.

Bọ́ọ̀sì tó máa gbé wọn padà ti ń gba èrò lẹ́nu géètì. Ó ti rẹ Káfíńtà. Ó kàn fẹ́ délé, kó na ẹ̀yìn. Ó ti gbé báàgì Lọ́yà lé èjìká nígbà tí Oníkatakata jáde, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó sorí kọ́.

"Ẹ̀yin ti sọ tiyín," ni obìnrin náà wí. "Mo fẹ́ lọ bá Olùdarí yẹn kó yọ fídíò ọmọ mi kúrò. Ọmọ yìí ní ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo wọlé, wọ́n máa ní kí n máa lọ, mo sì máa lọ, mo mọ ara mi. Mi ò lè jà tó bá dọ̀rọ̀ ọ́fíìsì."

Káfíńtà wo bọ́ọ̀sì náà. Fídíò tirẹ̀ náà ṣì wà níta, ojú Lọ́yà ṣì wà lára ògiri, ọ̀rọ̀ eérú ìwé yẹn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ti rò ni pé ọ̀rọ̀ ti parí nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ òtítọ́. Kò parí. Àwọn tó gbọ́ òtítọ́ náà kò ju àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ, irọ́ sì ń rìn káàkiri lórí fóònù gbogbo ayé.

"Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní ẹ ti kú?" ló béèrè.

"Lórí ìkúnlẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Òun sì ni àbígbẹ̀yìn mi."

Káfíńtà sọ báàgì náà kalẹ̀, ó tún gbé e, ó sì kọjú sí ilé náà. Awakọ̀ pariwo pé ìyá, bàbá, ẹ wọlé o, a ti ń lọ. Ìyá Lọ́yà wo ọkọ rẹ̀, ó wo bọ́ọ̀sì, ó sì sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ.

Akọ̀wé Olùdarí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọ̀gá wà pẹ̀lú àwọn àlejò, ó máa pẹ́, ó sì dáa kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Káfíńtà kí i dáadáa. Ó fa àga kan fún Oníkatakata, ó fa òmíràn fún ìyàwó rẹ̀. Lọ́yà àti ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wọ ẹ̀wù búlúù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí Olùdarí.

"Ibí ni," ni Káfíńtà wí. "Ẹ wá jókòó. À ń dúró ni."

Ìyá Lọ́yà gbọ́ tí bọ́ọ̀sì fọn fèrè níta, ó gbọ́ tó ṣí kúrò. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé kó le dáadáa, ó sì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.